Ṣọ́ọ̀bù kẹ́míkà n'Ìjẹ̀bú-Òde: owó wọn le díẹ̀ àmọ́ ẹ lọ bá wọn

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ra kẹ́míkà fún láàbù iléèwé láti Àgọ́-Ìwòyè títí dé Ṣàgámù, ẹ yéé dààmú ara yín lọ sí Ọjọ́ta l'Ékòó. Ṣọ́ọ̀bù kan wà nítòsí Fọlágbádé, màmá tó ni ín mọ ohun tó ń tà dáadáa.

Mo ní kí wọ́n fún mi ní ether (olómi láàbù kan tó tètè ń gbiná), ìgò ńlá, torí ìyẹn ló dínwó, ni màmá bá ní "Tíṣà, ṣé ẹ máa lò ó tán ní táàmù yìí?" wọ́n ò tà á fún mi o, kékeré ni wọ́n gbé jáde. Òótọ́ sì ni wọ́n sọ, torí ether tí wọ́n bá ti ṣí, tí atẹ́gùn ń wọ̀ ọ́ tí ìmọ́lẹ̀ ń kàn án, peroxide á máa kóra jọ síbẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ohun tó sì ń bú gbàmù nìyẹn, àgàgà tí wọ́n bá sè é gbẹ. Tẹ́ ẹ bá rí nǹkan funfun tó dì mọ́ ìdérí bí iyọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án rárá, ẹ ti ilẹ̀kùn kẹ́ ẹ pe àwọn tó mọṣẹ́ ẹ̀. Wọ́n fi máákà kọ ọjọ́ tí ọjà dé sára ìgò, wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún ọjọ́ tí èmi bá ṣí i. Ether tó jẹ́ pé bíi 35°C ló ti ń hó, nínú ooru Ìjẹ̀bú yìí!

Sodium náà, irin rírọ̀ tí kò gbọdọ̀ kan omi tàbí atẹ́gùn, ọmọ ṣọ́ọ̀bù fi tọ́ọ̀ṣì wo inú ẹ̀ bóyá epo ṣì bò ó, ó bu díẹ̀ kún un kó tó dè é. Nitric acid, ásíìdì líle tó lè mú kí nǹkan gbiná, yanrìn ni wọ́n fi yí i ká nínú ike. Ibi tí mo ti ń rà tẹ́lẹ̀, lẹ́búlẹ́bú pákó láti sọ́mìlì ni wọ́n ń kì síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ tó bá dà sí pákó iná lè sọ.

Ohun tó bí mi nínú ni pé nitric acid yẹn àti acetone, olómi tó tètè ń gbiná, jọ wà lórí ṣẹ́ẹ̀fù kan náà, ṣẹ́ẹ̀fù onípákó! Àwọn méjèèjì ò gbọdọ̀ súnmọ́ra rárá. Mo sọ fún màmá, wọ́n ní àyè ló fún, pé wọ́n á gbé e kúrò. Ẹ bá mi wò ó tẹ́ ẹ bá débẹ̀, tó bá ṣì wà níbẹ̀ kẹ́ ẹ tún bá wọn sọ ọ́.