Mẹkáníìkì ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi l'Ọ̀yọ́, ó mọṣẹ́ gan-an

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń pẹja ní adágún omi Ikere Gorge, ẹ gbọ́ o. Ọ́ìlì gíà ẹ́ńjìnnì mi ti dà bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí, omi ti wọ̀ ọ́. Mo gbé e lọ bá mẹkáníìkì kan nítòsí Akẹ̀sán, kò kàn pààrọ̀ ọ́ìlì kó gbowó, ó fa ọ́ìlì gbẹ, ó fi pọ́ǹpù kékeré fẹ́ atẹ́gùn sí i dé bíi 10 psi (ìwọ̀n agbára atẹ́gùn), ó wá ń fi búrọ́ọ̀ṣì pa omi ọṣẹ síbi gbogbo, àfi bí omi ọṣẹ náà ṣe ń hó wẹ́wẹ́ lẹ́yìn própẹ́là, ibẹ̀ ni omi ti ń wọlé. Okùn ìpẹja ló wé mọ́ ṣáàfù, irin tó ń yí própẹ́là, tó sì gé síìlì, rọ́bà tí kì í jẹ́ kí omi wọlé! Ó pààrọ̀ síìlì àti wáṣà, ó fún ọ́ìlì láti ìsàlẹ̀ títí ó fi yọ lókè. Ọjọ́ méjì ló gbà, ìyẹn nìkan ló dùn mí. Ọ́ìlì ṣì mọ́ kedere dòní.