Abẹ́rẹ́ semaglutide ṣiṣẹ́ fún mi o, ìwà àwọn èèyàn ni mi ò múra sílẹ̀ fún

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti oògùn yẹn fúnra ẹ̀, oògùn tí mo fi dín ara kù, torí ìyẹn lẹ wá kà. Ó ṣiṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ lèèyàn ń gún un fún ara ẹ̀, níkùn tàbí nítan, abẹ́rẹ́ ẹ̀ kéré gan-an, 0.25 mg ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n á wá máa fi kún un díẹ̀díẹ̀ títí á fi dé 2.4, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kán yín lójú lórí ẹ̀ o, torí inú ríru tó ń bá a wá kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré rárá. Ńṣe ló ń ṣe bíi họ́mọ́ọ̀nù kan tó ti wà nínú ìfun wa tẹ́lẹ̀, GLP-1, òun ló ń jẹ́ kí ọpọlọ mọ̀ pé a ti yó. Nínú ìwádìí tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2021, àwọn 1,961 ni wọ́n lò fún un, àwọn tó gba oògùn yìí fi nǹkan bí ìdá 15 nínú 100 ìwọ̀n ara wọn fúyẹ́ sí i láàárín ọ̀sẹ̀ 68. Tèmi jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó dáa, ibi tọ́rọ̀ wà gan-an nìyí. Bébà inú páálí ẹ̀ ka gbogbo ohun tó lè ṣe èèyàn tán pátá, àmọ́ kò síbi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé àwọn tí kì í wojú ẹni tẹ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kíni.

Àṣé àwọn èèyàn máa ń di ilẹ̀kùn mú fún ẹlòmíì! Wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí mi nínú lífítì. Tí mo bá sọ̀rọ̀ nínú mítìn wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà tí mo ti sọ sọ sọ tó fi sú mi nígbà tí mo sanra, ọ̀gá wa wá ń sọ pé mo ti ní kọ́nfídẹ́ǹsì báyìí. Kọ́nfídẹ́ǹsì wo? Ṣebí ẹnu kan náà ni mo fi ń sọ ọ́.

Èyí tó dùn mí jù ni ti dókítà kan. Ó pẹ́ tí orúnkún ti ń dùn mí, gbogbo ìgbà tí mo bá lọ, kí n tó fìdí kàn án lórí àga ni wọ́n ti máa ní kí n lọ dín ara kù. Mo wá dín in kù, orúnkún ò gbọ́, ó ṣì ń dùn mí, mo bá padà lọ. Ẹ wá wò ó, wọ́n fọwọ́ kàn án! Wọ́n tẹ̀ ẹ́ síbí, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sọ́hùn-ún, wọ́n ní kí n nà án, kí n ká a, wọ́n kọ X-ray fún mi. Mo jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn, inú ń bí mi burúkú, ẹnu mi sì ń sọ pé ẹ ṣé sà.

Ti àwọn ẹbí, ẹ má wulẹ̀ jẹ́ ká débẹ̀. “Ẹ ò rí i bó ṣe wá dà bí èèyàn!” Kí ni mo jọ tẹ́lẹ̀ jàre? Àwọn kan ń sọ lábẹ́lẹ̀ pé àfàìmọ̀ kó má jẹ́ àìsàn, àwọn tó mọ̀ pé abẹ́rẹ́ ni ń sọ pé ojú kan ni mo jókòó sí tí mo fi fúyẹ́. Nígbà tí mo sanra, ọ̀lẹ ni mí, mo dín kù tán, mo tún di onímàgòmágó.

Wọ́n tún ti wá ń bú àwọn tó sanra níṣojú mi báyìí o, wọ́n rò pé mo ti di ara wọn. Ọ̀rẹ́ mi tá a jọ ń ra aṣọ ńlá ti ń yẹra fún mi, mi ò tíì mọ ohun tí mo lè sọ fún un.

Ó sì máa ń dénú ilé náà. Ìwádìí kan jáde ní 2018 láti Sweden lórí àwọn tó ṣiṣẹ́ abẹ láti dín ara kù, àwọn tí ò ní ẹnì kejì láàárín wọn rí ẹni fẹ́ ju àwọn tí ò ṣe é lọ, àwọn tó ti ní tẹ́lẹ̀ náà sì ń tú ká ju tàwọn yẹn lọ. Bó ṣe rí nìyẹn, ó ń fúnni, ó ń gbà lọ́wọ́ ẹni.

Ohun mìíràn tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀, tẹ́ ẹ bá dá oògùn yìí dúró, ara ń padà. Nígbà tí wọ́n tún wo lára àwọn tí wọ́n lò fún ìwádìí 2021 yẹn, ọdún kan lẹ́yìn tí wọ́n dáwọ́ dúró, wọ́n ti gba ìdá méjì nínú mẹ́ta ohun tí wọ́n sọ nù padà. Ìyẹn ni pé ọ̀wọ̀ tí wọ́n ń fún mi yìí, ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ ni mò ń gún un.

Stáà mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un, inú ríru ló jẹ ẹyọ kan tó kù. Màá tún lò ó. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ tètè wá ẹni tẹ́ ẹ máa máa bá sọ̀rọ̀ kó tó di pé aṣọ ń jábọ́ lára yín, bó jẹ́ onímọ̀ ìrònú òun ìhùwàsí ló dáa, bó jẹ́ ẹnì kan tó ti gba ọ̀nà yẹn rí náà ló dáa, torí ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ti ń kọ abẹ́rẹ́ yìí fúnni, kílò nìkan ni wọ́n ń bi èèyàn.