Páálí ilé ẹyẹ Àjíǹde tí mo rà fún àwọn ọmọ-ọmọ mi, àti èyí tí a fọwọ́ ara wa ṣe

Páálí méjì ni mo rà lọ́jọ́ Ajé tó ṣáájú Àjíǹde ọdún 2025, ní sùpámákẹ́ẹ̀tì kan tí kò jìnnà sí ilé wa ní Peckham, ní London. £6 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwòrán iwájú rẹ̀ ló fà mí: ilé ẹyẹ ṣokoléètì méjìlá, ìyẹn cornflakes tí wọ́n fi ṣokoléètì yíyọ́ pò, tí wọ́n mọ bí ilé ẹyẹ, ẹyin aláràbarà mẹ́ta-mẹ́ta nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì kọ ọ́ gàdàgbà sí i pé kò sí pé à ń yan nǹkan, ọmọdé lè ṣe é fúnra rẹ̀. Ilé-ìwé ti gba ìsinmi, ìyá àwọn ọmọ wà níbi iṣẹ́, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì wà lọ́dọ̀ mi láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Àjíkẹ́ jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, Àkànní jẹ́ mẹ́fà, Àbẹ̀kẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ pé mẹ́ta. Oríkì ni mo fi ń pè wọ́n nílé.

Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi se oúnjẹ ọ̀sán fún àwọn ọmọ ilé-ìwé nínú London yìí kí n tó fẹ̀yìn tì. Mo mọ ohun tí ọwọ́ ọmọdé lè ṣe, mo sì mọ ohun tó yẹ kí àgbà yẹ̀ wò kí ọmọ tó fi ẹnu kàn án.

Nígbà tí a ṣí páálí náà, àpò cornflakes kan ló wà níbẹ̀, àti àpò ohun dúdú kan tó rí wóró-wóró bí ẹ̀wà, ife bébà méjìlá, àti ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n kó ẹyin ṣúgà àti marshmallow kékeré, nǹkan dídùn tó rọ̀ bí òwú, pọ̀ sí. Kò sí bọ́tà, kò sí omi ṣúgà kíki tó máa mú un lẹ̀ mọ́ra. Ẹni tó rà á ni kó fi tirẹ̀ kún un, lẹ́tà wẹ́wẹ́ tó wà lábẹ́ páálí ni wọ́n sì fi sọ ọ́. Àkànní da ẹyin sórí tábìlì, ó kà á: mẹ́rìnlá. Ó gbé páálí, ó ka ti àwòrán, ó tún ka tiwa. "Màmá, àwọn tó kù dà?" Mi ò rí èsì fún un.

Mo yí ẹ̀yìn páálí padà kí n kà á. Nílẹ̀ yìí, bí wọ́n bá ń to ohun tó wà nínú oúnjẹ, èyí tó wúwo jù ló máa ń ṣíwájú. Lórí àpò ohun dúdú yẹn, ṣúgà ló ṣíwájú, òróró ọ̀pẹ tẹ̀lé e, ìyẹ̀fun kòkó wá wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún. Wọn ò pè é ní ṣokoléètì rárá. Ohun tí wọ́n kọ ni pé ó ní adùn ṣokoléètì. Ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe àṣìkọ. Òfin ibí kò gbà kí èèyàn pe nǹkan ní ṣokoléètì dúdú bí ohun tó ti ara kòkó wá nínú rẹ̀ kò bá tó ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún. Ti oní-mílíìkì kéré sí ìyẹn, síbẹ̀ òfin ní ìwọ̀n tirẹ̀ fún òun náà. Èyí tó wà lọ́wọ́ wa kò dé ibì kankan. A yọ́ ọ, a pò ó, ó bo cornflakes dáadáa lójú, àmọ́ tí ẹ bá fi sẹ́nu, ọ̀rá ló máa lẹ̀ mọ́ yín lókè ẹnu, adùn rẹ̀ á sì ti tán kí ẹ tó gbé e mì. Ilé ẹyẹ mẹ́jọ ló jáde nínú méjìlá tí wọ́n ṣèlérí, àwọn mẹ́jọ náà kò sì ga.

Mo lè gbójú fo ìyẹn. Èyí tí mi ò lè gbójú fò ni ọ̀rọ̀ Àbẹ̀kẹ́. Iwájú páálí sọ pé ọmọ ọdún mẹ́ta lè ṣe é. Lára ọ̀rá ẹyin tó wà nínú páálí kan náà, wọ́n kọ ọ́ pé kò yẹ fún ọmọ tí kò tíì pé mẹ́rin, nítorí ó lè há a lọ́fun. Ẹyin náà le, ó yí róbótó, ó ń yọ̀, bí ẹ bá sì wò ó, bí ọ̀fun ọmọ kékeré ṣe rí gan-an ló ṣe rí. Ọwọ́ Àbẹ̀kẹ́ ti wà nínú abọ́ kí n tó kà á débẹ̀. Mo gba ẹyin lọ́wọ́ rẹ̀, ó sunkún títí oorun fi gbé e lọ. Ọmọ ló yẹ kí wọ́n fi ìkìlọ̀ yẹn ṣọ́. Iwájú páálí ló yẹ kó wà, kó tóbi tó àwòrán tí wọ́n fi pè wá.

Ohun kan tún wà tó kan irú ìdílé tiwa. Àbúrò ọkọ mi àti àwọn ọmọ rẹ̀ tó ń gbé lọ́nà Old Kent Road, Mùsùlùmí ni wọ́n. Bí Iléyá bá dé, ẹran àgbò máa ń ti ọ̀dọ̀ wọn wá; bí Àjíǹde bá dé, nǹkan dídùn máa ń ti ọ̀dọ̀ wa lọ. Jẹ́látínì ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n fi ṣe marshmallow inú páálí yìí. Gbogbo rẹ̀ ni mo ṣà kúrò. Ẹ rántí wò ó tí ẹ bá fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ilé ẹlòmíràn.

Nínú márùn-ún, méjì ni mo fún páálí náà, ife bébà tó rẹwà ló sì gba ọ̀kan nínú méjèèjì.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, a tún un ṣe látìbẹ̀rẹ̀. Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ rà ni mo ń sọ báyìí o: cornflakes ti sùpámákẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀, èyí tó pọ́ọ́kú, gíráàmù 100, ṣokoléètì gidi, gíráàmù 200, àwa fi dúdú àti oní-mílíìkì ṣe é ní ìdajì-ìdajì, bọ́tà gíráàmù 50, Lyle's Golden Syrup, ìyẹn omi ṣúgà kíki, ṣíbí ìjẹun mẹ́ta. Ilé ẹyẹ méjìlá tó ga, tó sì kún, ni a rí níbẹ̀. Pẹ̀lú ẹyin ṣúgà Cadbury tí wọ́n ti ń ṣe láti 1967, owó tí mo ná dín díẹ̀ ní £10, bọ́tà, cornflakes àti agolo Golden Syrup sì ṣẹ́ kù rẹpẹtẹ. Àwọn kan máa ń lo Shredded Wheat dípò cornflakes. Lójú, ó jọ ilé ẹyẹ ju tiwa lọ, koríko ló jọ. Ṣùgbọ́n ó máa ń rún sílẹ̀, ó sì máa ń gún àwọn ọmọ lẹ́nu. Cornflakes ni mo fara mọ́.

Agolo Golden Syrup yẹn pa ìtàn fún wa. Nínú London yìí náà, lápá ìlà-oòrùn, ní Plaistow Wharf, ni wọ́n ti ń ṣe é, láti ọdún 1885 ni wọ́n sì ti ń tà á nínú agolo aláwọ̀ ewé àti wúrà. Kìnnìún kan dùbúlẹ̀ lára rẹ̀, oyin ń fò yí i ká. Àkànní rò pé ó ń sùn. Mo ní rárá, ó ti kú, mo sì gbé Bíbélì, mo ka ìtàn Sámúsónì fún wọn nínú Onídàjọ́ orí 14: bí ó ṣe bá oyin nínú òkú kìnnìún tí òun fúnra rẹ̀ pa, tó sì fi pa àlọ́ pé láti inú alágbára ni adùn ti jáde wá. "Ó jọ ibojì Jésù," Àjíkẹ́ ní. Mi ò fi nǹkan kan kún un. Ní 2024 wọ́n yí àwòrán náà padà lára àwọn ìgò rẹ̀, orí kìnnìún àti oyin kan ṣoṣo ló kù níbẹ̀, nítorí náà agolo ni kí ẹ rà fún àwọn ọmọ.

Àjíkẹ́ ló kán ṣokoléètì. Àkànní ló wọn cornflakes, ó ń wo nọ́ńbà òṣùwọ̀n bí ẹni ń ṣọ́ bọ́ọ̀sì. Mo gbé abọ́ lé orí ìkòkò tí omi díẹ̀ ń hó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ nínú rẹ̀, ìdí abọ́ kò kan omi, a sì jókòó tì í kó máa yọ́ díẹ̀díẹ̀. Ibẹ̀ ni Àkànní ti mú ṣíbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, omi ṣì wà lára rẹ̀, ó tì í bọ inú abọ́, ó rò ó. Lójú ẹsẹ̀ ni ṣokoléètì tó ń dán tẹ́lẹ̀ ṣú, ó kó jọ, ó gbẹ, ó ń lẹ̀ mọ́ ṣíbí bí àmàlà tí omi rẹ̀ kò tó. Ojú ọmọ náà rẹ̀ wẹ̀sì. Bí omi kékeré bá kán sínú ṣokoléètì yíyọ́, bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ẹ má dà á nù. Mo gbé e kúrò lórí iná, mo fi bọ́tà àti Golden Syrup tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ sí i, mo ní kí Àkànní máa rò ó lọ, kó má dúró. Ó tó bí ìṣẹ́jú mẹ́ta kó tó tú, kó sì tún máa dán. Òun ló tún un ṣe, ọwọ́ rẹ̀ ló fi ṣe é, ó sì sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó wọlé wa lọ́jọ́ yẹn.

Bó ṣe ń rò ó ni mo ń sọ fún wọn nípa oko bàbá mi lẹ́yìn Oǹdó, lọ́nà Òkè-Igbó. Bàbá á fi àdá la kòkó, àwa ọmọdé á kó hóró inú rẹ̀ jáde, a ó máa lá ara funfun tó bò ó, ó dùn, ó sì kan díẹ̀. A ó kó hóró náà jọ, a ó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún bí ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́fà kó lè gbóná, kó sì kan, ká tó sá a sóòrùn. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí kí n tó fi ẹnu kan ṣokoléètì, ẹ̀gbọ́n mi tó ń ṣiṣẹ́ n'Íbàdàn ló mú un wálé. Bàbá jẹ ẹyọ kan, ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó ní, "Èyí tí à ń sá nìyí?"

Mo mọ̀ pé kòkó wọ́n nígbà yẹn. Ghana àti Ivory Coast, tí kòkó ayé ti ń wá jù, kórè díẹ̀ nítorí ojú ọjọ́ àti àrùn tó ń pa igi rẹ̀, iye tọ́ọ̀nù kan sì kọjá $12,000 ní ìparí ọdún 2024. Bí ẹni tó ń ṣe páálí kò bá lè ra kòkó tó pọ̀, kó ṣe ilé ẹyẹ mẹ́fà gidi, kó sì kọ mẹ́fà síwájú rẹ̀. Màá rà á.

Ti Àbẹ̀kẹ́ ńkọ́? Ẹyin àgbọn ni mo ní kó ṣe. Gíráàmù 250 mílíìkì inú agolo, èyí tó ki tó sì dùn, gíráàmù 250 ṣúgà lẹ́búlẹ́búú, gíráàmù 200 àgbọn gbígbẹ tí wọ́n ti rin: ẹ pò ó pọ̀, ó parí, iná kò dé ibẹ̀. A pín in sí mẹ́ta. A fi ata ilẹ̀ pupa (turmeric) bíńtín sí ọ̀kan, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí òròmọdìẹ; a fi ṣíbí kékeré omi zóbò tó ki sí èkejì; ẹ̀kẹta funfun. Àbẹ̀kẹ́ rọ ṣúgà lẹ́búlẹ́búú sí àtẹ́lẹwọ́, ó ń yí i. Àwọn kan gùn bí ìka, àwọn kan pẹlẹbẹ, ìtẹ̀ka rẹ̀ hàn ketekete lára gbogbo wọn. A fi wọ́n sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, wọ́n le níta, wọ́n rọ̀ nínú, bíi gúrúndì tí kò tíì gbẹ. Kò sí ẹlẹ́dẹ̀ níbẹ̀, kò sí ohun líle tó máa há ọmọ lọ́fun. Tirẹ̀ ló kọ́kọ́ tán nílé àbúrò ọkọ mi.

Ilé ẹyẹ lo wákàtí kan nínú fíríìjì. Ẹ yọ ọ́ síta bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹ tó jẹ ẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, eyín àgbà á gbọ́ ọ.

Lọ́jọ́ Àjíǹde, 20 oṣù kẹrin, a fi WhatsApp pe àbúrò mi l'Óǹdó, Àkànní sì gbé ilé ẹyẹ sójú kámẹ́rà. Àbúrò mi bá jáde sí ẹ̀yìnkùlé, ó fi igi kòkó kan tó kù níbẹ̀ hàn án. Èso tútù kékeré mẹ́ta lẹ̀ mọ́ ara ìtí igi náà, kì í ṣe orí ẹ̀ka. Ọmọ náà ní ta ló lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀lé e, mo dá páálí kejì tí a kò ṣí padà. Wọ́n fún mi ní £6 mi láìjanpata. Ṣokoléètì méjì ni mo fi rà, ó wà lókè kọ́bọ́ọ̀dù, torí Àkànní ti ní ohun tí òun máa ṣe lọ́jọ́ ìbí òun nìyẹn ní oṣù kẹfà, àti pé òun á nu ṣíbí gbẹ.