Sáfà mítìn fídíò fún ọ́fíìsì kékeré: Jitsi, BigBlueButton, Nextcloud Talk, àbí kẹ́ ẹ kúkú máa sanwó Zoom?

Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí jù nìyí: "Ẹ̀gbọ́n, Zoom ọ̀fẹ́ ti sú wa, ìṣẹ́jú 40 péré ló ti lé wa jáde, ṣé a ò lè ní sáfà tiwa ni?" Ẹ lè ní in; sáfà ni kọ̀ǹpútà tó máa gbé mítìn yín. Àmọ́ ẹ má tíì mówó jáde o. Ọ́fíìsì tí mò ń sọ̀rọ̀ ẹ̀ níbí ò ju èèyàn 15 lọ, àwọn kan jókòó sí Bódìjà, àwọn yòókù ń fi dátà fóònù wọlé látilé.

Jitsi Meet ni mo máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Ọ̀fẹ́ ni, orí Debian àbí Ubuntu, àwọn ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows, lẹ máa gbé e sí, ẹni tó bá mọwọ́ ẹ̀ lè parí ẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Àlejò tó wà lórí kọ̀ǹpútà ò nílò ápù kankan, ẹ fi línkì ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp, ó tẹ̀ ẹ́, ó ti wọlé nìyẹn. Sáfà ẹ̀ kì í lọ fídíò gbogbo yín pọ̀ bí ata, ńṣe ló ń gba tẹni yìí tó ń pín in fáwọn tó kù, ìdí nìyẹn tí kọ̀ǹpútà kékeré fi lè gbé e. Íntánẹ́ẹ̀tì ló ń jẹ. Ẹ wò ó, téèyàn 10 bá tan kámẹ́rà, fídíò 9 ló máa lọ bá ẹnì kọ̀ọ̀kan, 90 lápapọ̀ látinú sáfà kan ṣoṣo, àfi tẹ́ ẹ bá dín iye ojú tó ń hàn kù. Ibi tó ti ń bí mi nínú ni rẹ̀kọ́dìn látorí sáfà: Jibri, ètò míì tẹ́ ẹ máa fi kún Jitsi, lẹ máa fi ṣe é, ó máa ń ṣí Chrome bí ẹni tó fara pamọ́ sínú mítìn, Jibri kan ò sì lè ká ju mítìn kan lọ lẹ́ẹ̀kan náà.

BigBlueButton ò ní wàhálà rẹ̀kọ́dìn yẹn, ó ti wà nínú ẹ̀. Yunifásítì Carleton ní Kánádà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 2007, tíṣà ni wọ́n ṣe é fún, ẹ máa rí bọ́ọ̀dù ìkọ̀wé, ìdìbò, àti yàrá kéékèèké tẹ́ ẹ lè pín àwọn èèyàn sí. Ṣùgbọ́n ọlọ́jẹun ni! RAM 16GB àti core 8 (ọpọlọ kọ̀ǹpútà mẹ́jọ) làwọn tó ṣe é ní kẹ́ ẹ fún un, kò sì fẹ́ bá nǹkan míì gbé orí sáfà kan náà. Tẹ́ ò bá kọ́ èèyàn níṣẹ́, kí lẹ fẹ́ fi ṣe?

Nextcloud Talk dáa fẹ́ni tó ti ń kó fáìlì ọ́fíìsì sórí Nextcloud tẹ́lẹ̀. Tẹ́ ò bá fi ẹ̀rọ àtìlẹ́yìn tí wọ́n ń pè ní High-performance backend sí i, fóònù kálukú ló máa fi fídíò ránṣẹ́ sí gbogbo èèyàn fúnra ẹ̀, ẹ tó márùn-ún péré ni, ẹ̀dà 4 ló ń jáde lórí dátà yín. Ẹ̀rọ àtìlẹ́yìn yẹn ti wà nínú Nextcloud All-in-One, ìyẹn ni kẹ́ ẹ mú.

Ẹ jẹ́ n sọ tèmi tó ṣẹlẹ̀. Mo gbé Jitsi sórí kọ̀ǹpútà kékeré ní ọ́fíìsì kan, èmi àti bọ̀ọ̀dá kan tó wà nílé dán an wò, ohùn mọ́, àwòrán mọ́, inú wa dùn. Ọ̀gá wọlé láti ilé tiẹ̀, bí ó ṣe di ẹni kẹta báyìí, gbogbo ẹ̀ dákẹ́ lọ gbáú. Àṣé tó bá jẹ́ èèyàn méjì, tààràtà ni wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, ẹni kẹta ló ń mú kí fídíò gba inú sáfà, pọ́ọ̀tù UDP 10000, ìyẹn ilẹ̀kùn tí fídíò ń gbà wọ sáfà, ló sì ń gbà, èmi sì rèé, 443, ilẹ̀kùn wẹ́ẹ̀bù, nìkan ni mo ṣí lórí ráútà.

Tiwa ṣì rọrùn. Ọ̀pọ̀ ráútà oní-SIM, àti Starlink tí wọ́n ń lò nílé, kì í fún yín ní àdírẹ́sì IP tiyín, ẹ̀yin àti àìmọye èèyàn lẹ jọ ń lo ẹyọ kan, kò sí ilẹ̀kùn tẹ́ ẹ fẹ́ ṣí. Ẹ ra static IP, ìyẹn àdírẹ́sì tiyín tí kì í yí padà, àbí kẹ́ ẹ yá sáfà níta. NEPA náà ńkọ́? Tí iná bá lọ ní ọ́fíìsì, tí ínfátà sì kú, àwọn tó níná nílé náà jáde nínú mítìn nìyẹn. Sáfà tẹ́ ẹ yá ní Jámánì ò níṣòro iná, àmọ́ ohùn yín máa ń kọjá òkun kó tó padà wá bá ẹni tẹ́ ẹ jọ wà ní Ìbàdàn. Ní March 14, 2024 tí wáyà mẹ́rin abẹ́ òkun já nítòsí Abidjan, irú sáfà bẹ́ẹ̀ ò ṣeé dé dáadáa. Ó níbi tí wọ́n ti ń yá sáfà l'Ékòó, ẹ bèèrè iye ẹ̀ ná.

Tí kò bá sẹ́ni tó máa dìde sí sáfà lọ́jọ́ tó bá ṣàìsàn, ẹ sanwó Zoom jàre, dọ́là ẹ̀ á dùn yín ṣùgbọ́n ẹ máa sùn. Tẹ́nì kan bá wà, Jitsi lórí sáfà tẹ́ ẹ yá. Kẹ́ ẹ tó wá fún ẹni tó bá yín ṣe é ní báláńsì ẹ̀, kí èèyàn mẹ́ta wọlé láti nẹ́tíwọ̀ọ̀kì mẹ́ta, kì í ṣe Wi-Fi ọ́fíìsì.