Ẹ má sanwó fern tẹ́ ò tíì rí ẹ̀yìn ewé rẹ̀

Ẹ̀yin ará Ìlọrin tẹ́ ẹ máa ń ra òdòdó lórí WhatsApp, ẹ ṣọ́ra o. Ọkùnrin kan wà ńbẹ̀ tó ń ta fern, ewéko tí wọ́n ń gbìn sínú ìkòkò fi ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́. Ìkòkò méjì ni mo rà lọ́wọ́ ẹ̀, ₦9,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Boston fern ló pe méjèèjì.

Mo fẹ́ já ewé gbígbẹ kúrò lára àkọ́kọ́, ẹ̀gún gún mi. Ẹ̀gún kẹ̀, lára Boston fern? Nígbà tó yá, ó so èso pupa wínníwínní. Asparagus fern ni, orúkọ lásán ló fi jọ fern. Fern gidi kì í yọ òdòdó, kì í so èso.

Mo ya fọ́tò ìkejì ránṣẹ́ sí ìyá mi l'Ómù-Àrán. Ẹ̀rín ni wọ́n fi dáhùn: "Ṣé kì í ṣe èyí tó ń hù lára ọ̀pẹ lóko bàbá yín nìyí?" Mo tú u nínú ìkòkò. Èérún imọ̀ ọ̀pẹ ṣì há sáàárín gbòǹgbò ẹ̀!

Èyí tó dùn mí jù ni ti oògùn. Mo rí àmì róbótó-róbótó aláwọ̀ ilẹ̀ lẹ́yìn ewé ìkejì yìí, mo fi hàn ọkùnrin tó tà á. Ó ní àrùn ni, ó ta oògùn ₦3,500 fún mi. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń fọ́n ọn. Àṣé inú àmì yẹn ni spore wà, ohun tí fern fi ń bí sí i. Àrùn kì í tò létòlétò báyẹn.

Ẹ̀yìn ewé yìí gan-an ni kẹ́ ẹ ní kí wọ́n yà fún yín. Iwájú ewé ò tó. Mo fi fọ́tò iwájú ewé wá orúkọ ẹ̀ lórí Google, orúkọ mẹ́ta ló kó fún mi. Ti Nephrolepis, ìyẹn ẹbí Boston fern, àmì róbótó ló máa ń tò sí ọ̀tún àti òsì iṣan àárín ewé. Ti Pteris, irú fern mìíràn, etí ewé ló máa ń gbà lọ bí ojú rírán aṣọ. Ewé tó ṣì kéré lè máà ní in o, torí náà kí wọ́n ya ìdí ẹ̀ náà, níbi tí ewé tuntun ti ká jọ bí ìkarahun ìgbín.

Mo ní kí ọkùnrin yìí ya ẹ̀yìn ewé kan fún mi. Ó ní iná ò sí. Ní ọ̀sán gangan! Ló bá bulọ́ọ̀kù mi.

Ó ti yí nọ́ńbà báyìí, ṣùgbọ́n àwòrán kan náà ló ṣì ń lò: ìkòkò funfun mẹ́rin lórí tábìlì, "tààrà látinú ọgbà wa n'Ílọrin". Ẹ wo fèrèsé tó wà lẹ́yìn wọn dáadáa. Yìnyín ló bo gbogbo ilẹ̀ níta.