Fóòmù 6×4½ àbí 6×6: èwo ló yẹ yàrá yín?

Tí tọkọtaya bá fẹ́ ra fóòmù, láàárín 6×4½ àti 6×6 ni ọ̀rọ̀ sábà máa ń há sí. Gígùn wọn kò yàtọ̀. A ń pè é ní ẹsẹ̀ bàtà 6 lóòótọ́, àmọ́ íǹṣì 75 ni gígùn ọ̀pọ̀ fóòmù iléeṣẹ́ bíi Mouka àti Vitafoam. Fífẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò.

Íǹṣì 54 ni 6×4½ fẹ̀ sí. Bí ẹni méjì bá pín in, íǹṣì 27 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ó tó wọn, àfi bí ọmọ ọdún mẹ́ta bá ń yọ́ wá sáàárín wọn lóru. Ti 6×6 jẹ́ íǹṣì 72, bí ìgbà tí kálukú bá sùn sórí 6×3 tirẹ̀ ni.

Yàrá wá ńkọ́? Ẹ gbé 6×6 sáàárín yàrá 10×10, ẹsẹ̀ bàtà 2 péré ló kù lọ́tùn-ún àti lósì, a ò sì tíì ka igi bẹ́ẹ̀dì mọ́ ọn. Ilẹ̀kùn wọ́dírọ́ọ̀bù lè má ṣí tán. Ẹ tì í mọ́ ògiri, ẹni tó sùn sí kọ̀rọ̀ á máa gun ẹnìkejì rẹ̀ kọjá. Lójú tèmi, 6×4½ ni kí ẹni tó ń gbé irú yàrá bẹ́ẹ̀ rà, kó fi owó tó kù ra èyí tó le dáadáa. 6×6 olówó pọ́ọ́kú tó rọ̀ jù máa ń jìn láàárín. Ẹ̀yin méjèèjì á máa yí lu ara yín, àyè tẹ́ ẹ torí ẹ̀ náwó á sì ṣòfò.

Ẹni tó ń dá sùn, 6×3½ ti tó o. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta 6×4 fún ẹni méjì: íǹṣì 24 ló kan ẹnì kan.

Ẹ ra fóòmù kí káfíńtà tó kan bẹ́ẹ̀dì. Bó bá gbọ́ "6", ó lè gé igi sí íǹṣì 72, fóòmù á wá ká kò níbi ẹsẹ̀. Tí bẹ́ẹ̀dì bá ti wà nílẹ̀, inú rẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi téèpù wọ̀n, kì í ṣe ìta igi.

Àwọn tí ará ilé ń fi bẹ́díṣíìtì onírọ́bà ránṣẹ́ sí láti Lọ́ndọ̀nù, èyí tí wọ́n kọ double sí lára, sẹ̀ntímítà 135 sí 190, ló bá 6×4½ mu. King ti ibẹ̀ kò fẹ̀ ju sẹ̀ntímítà 150 lọ, kò lè bo 6×6. Super king ni kẹ́ ẹ ní kí wọ́n rà.