BacT/ALERT tàbí PGD? Ìfiwéra fún báńkì ẹ̀jẹ̀ ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó

Kí ilé ìwòsàn tó ra ohun tí yóò máa fi wá bakitéríà nínú ẹ̀jẹ̀ ìtọrẹ, kí ó kọ́kọ́ ka iye àpò plátẹ́lẹ́ẹ̀tì (apá ẹ̀jẹ̀ tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì) tó ń pèsè lọ́sẹ̀, nítorí inú plátẹ́lẹ́ẹ̀tì ni ewu náà ti pọ̀ jù. Sẹ́ẹ̀lì pupa ń gbé inú fíríìjì, níbi tí ọ̀pọ̀ bakitéríà kò ti lè gbèrú, yàtọ̀ sí irú Yersinia tó fara da òtútù. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n ooru 20 sí 24 Sẹ́lísíọ́ọ̀sì ni a ń tọ́jú plátẹ́lẹ́ẹ̀tì sí, ìwọ̀nba bakitéríà tó sì bá abẹ́rẹ́ wọlé láti awọ ara olùtọrẹ lè di ògìdìgbó láàárín ọjọ́ 5 tí a fi ń tọ́jú rẹ̀.

BacT/ALERT, ẹ̀rọ tí ilé iṣẹ́ bioMérieux ń ṣe, ni ojú rẹ̀ mú jù láti rí bakitéríà. A ó fa plátẹ́lẹ́ẹ̀tì sínú ìgò méjì tí oúnjẹ bakitéríà wà nínú wọn. Bí bakitéríà bá ń pọ̀ sí i, afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù dáyọ́sáìdì tí wọ́n ń tú jáde yóò pa àwọ̀ ìdí ìgò dà, ẹ̀rọ yóò sì kéde rẹ̀. Àkókò ni ìṣòro rẹ̀: nínú ètò kan tí FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, fara mọ́, wákàtí 36 gbọ́dọ̀ kọjá lẹ́yìn gbígba ẹ̀jẹ̀ kí a tó fa ti àyẹ̀wò, a ó sì tún dúró fún wákàtí 12, ọjọ́ 2 ti lọ nínú 5 nìyẹn. Ẹ ro owó ínfátà àti jẹnẹrétọ̀ mọ́ iye rẹ̀, nítorí ẹ̀rọ náà kò gbọdọ̀ kú lóru.

PGD, àyẹ̀wò kékeré tí ilé iṣẹ́ Verax ń ṣe, kò béèrè ẹ̀rọ ńlá. Ìdajì mílílítà plátẹ́lẹ́ẹ̀tì tó fún un, èsì rẹ̀ a sì jáde láàárín nǹkan bí wákàtí kan, lọ́jọ́ tí àpò fẹ́ jáde gan-an. Bakitéríà gbọ́dọ̀ ti pọ̀ díẹ̀ kí ó tó rí wọn, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ ló sábà ń pa aláìsàn.

Fífi aró Gram, aró tó ń mú kí bakitéríà hàn, kun plátẹ́lẹ́ẹ̀tì kí a sì wò ó lábẹ́ maikirosíkóòpù kò wọ́n, àmọ́ ó lè má rí nǹkan kan títí bakitéríà yóò fi tó nǹkan bí mílíọ̀nù kan nínú mílílítà kan. N kò ní gbé ààbò aláìsàn lé e.

Fún ilé ìwòsàn tó ń pèsè àpò díẹ̀, PGD ni kí wọ́n rà. BacT/ALERT tọ́ sí ibi tí láàbù yóò ti tún máa fi wá bakitéríà nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn, kí iṣẹ́ méjì lè jọ gbé owó rẹ̀. Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè ibi tí ẹni tí yóò máa tún ẹ̀rọ ṣe ń gbé, àti iye oṣù tó kù kí ìgò tàbí páálí PGD tí wọ́n fẹ́ kó wá fún yín tó kọjá àkókò lílò.